Kí O Tó Wọ Abẹ́ Mọ́tò: Ìmọ̀ràn Lórí Nọ́ọ̀tì Tó Kọ̀ Tí Kò Tú

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé Abúlé Ẹ̀gbá àti àyíká rẹ̀, láti Ìyànà Ìpájà títí dé Alákùkọ, mo ń rí yín. Bó bá ti di àárọ̀ Sátidé, ẹ ó ti gbé ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò sókè lẹ́nu géètì, fóònù á wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òyìnbó kan á máa ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Mi ò bá yín wí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ tẹ̀lé e, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì àti owó ẹ̀yà ara mọ́tò ti kọjá ohun tí apá ọ̀pọ̀ èèyàn ká. Ẹni tó bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n òyìnbó inú fóònù yẹn kì í jẹ́ kí ẹ rí ibi tí wàhálà wà. Nọ́ọ̀tì tirẹ̀ ń tú bó bá ti fọwọ́ kàn án. Tiyín ò ní tú. Ibi tí kò ti ní tú yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ohun kan ló wà nídìí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ: ohun tó ṣeé dá padà ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Epo tí o fi sí nọ́ọ̀tì kì í ba nọ́ọ̀tì náà jẹ́. Òòlù lè ba díẹ̀ jẹ́. Iná lè ba púpọ̀ jẹ́. Ohun tí ayùn bá gé, ó ti gé e. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ayùn kò ní ibi tó máa padà sí mọ́.

1. Ilẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ òpópónà wa ni kò lọ́dà. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ilẹ̀ tó le lánàá á ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, jáàkì tí o gbé lé e á sì máa rì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé o fura. Wá pákó tó nípọn, tó sì fẹ̀, kí o fi tẹ́ ìdí jáàkì. Fi òkúta dí táyà tó kù níwájú àti lẹ́yìn. Iṣẹ́ jáàkì ni kí ó gbé mọ́tò sókè; kì í ṣe òun ló yẹ kí ó gbé e dúró nígbà tí o bá wà lábẹ́ rẹ̀. Sítáńdì onírin ni kí o fi gbà á, méjì, kí o sì ti táyà tí o tú sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kí ó lè gbà á bí ohun gbogbo bá yẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé kọ́ o. Mo tún un sọ: búlọ́ọ̀kù kọ́. Òótọ́ ni pé ó ń gbé ògiri ilé alájà, ṣùgbọ́n ẹrù ògiri tẹ́ lé gbogbo ojú rẹ̀ ni. Bí etí irin kan bá tẹ̀ ẹ́ lójú kan, ó lè fọ́ lójijì, kò sì ní ké kí ó tó fọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé nọ́ọ̀tì tó gan ló ń mú kí èèyàn fa mọ́tò, kí ó tì í, kí ó mì í jìgìjìgì. Mọ́tò tó dúró dáadáa nígbà tí o kàn ń wò ó lè yẹ̀ nígbà tí o bá fi ẹsẹ̀ ti sípánà. Má dá nìkan ṣe é. Kí ẹnì kan wà nítòsí tó lè gbọ́ ohùn rẹ.

2. Tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí o tó gbé mọ́tò sókè. Nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, ilẹ̀ ń bá ọ dì í mú.

3. Mọ ibi tí mọ́tò rẹ ti gbé kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ nínú mọ́tò wa. Bó bá jẹ́ láti ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ ló ti wá, Ohio, Michigan, New York tàbí Kánádà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì níbẹ̀ nígbà òtútù kí omi tó dì lè yọ́. Iyọ̀ yẹn á pò mọ́ omi, táyà á fọ́n ọn sábẹ́ mọ́tò, á wọnú tírẹ́ẹ̀dì, á sì jókòó síbẹ̀. Irin tó bá wà nínú omi iyọ̀ ń tètè dípẹtà ju èyí tó wà nínú omi lásán lọ, torí iyọ̀ ló ń jẹ́ kí mànàmáná tín-ín-rín tó ń jẹ irin ráyè rìn. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Toyota gbà láti ná owó tó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ tí àwọn tó ni Tacoma, Tundra àti Sequoia pè é ní Amẹ́ríkà nítorí ṣáàsì tó ń dípẹtà. Ṣáàsì ni wọ́n ń sọ o, irin tó nípọn yẹn. Mélòómélòó wá ni bóòtù tó so lówà áàmù mọ́ ọn? Bẹ́ẹ̀ Sequoia wà ní Èkó dáadáa.

Mọ́tò tó wá láti Texas tàbí Kalifóníà, abẹ́ rẹ̀ sábà máa ń mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti lo ọdún mélòó kan nínú àgbàrá àti ẹrọ̀fọ̀ wa, ó ti ń gbà díẹ̀ nínú tiwa náà nìyẹn. Nítorí náà, wo abẹ́ rẹ̀ kí o tó lọ ra ẹ̀yà kankan. Bí ojú nọ́ọ̀tì bá ti pọ́n, tí etí rẹ̀ ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán Sọ́ńdè kí o wá máa retí pé mọ́tò yẹn ló máa gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

4. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo tírẹ́ẹ̀dì tó yọ síta lẹ́yìn nọ́ọ̀tì títí irin funfun á fi yọjú, torí ojú ibẹ̀ ni nọ́ọ̀tì máa gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni kí o wá fi epo sí i: lálẹ́, láàárọ̀, lálẹ́. Máa fi òòlù kàn án pẹ́pẹ́ bí o ti ń fi epo sí i kí epo lè ráyè wọlé.

Epo wo? WD-40 tí gbogbo èèyàn ń pè lórúkọ, ọdún 1953 ni wọ́n ṣe é ní San Diego láti fi lé omi kúrò lára irin. Ó ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ní pàtó láti wọnú ìpẹtà dáa jù ú lọ. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa a máa da òróró bíréèkì sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bó ọ̀dà mọ́tò. Àwọn mìíràn ń po òróró jíà ọtọmátíìkì, èyí tí a ń pè ní ATF, pọ̀ mọ́ acetone ní ìdajì-ìdajì. Èmi fẹ́ràn ìyẹn, àmọ́ acetone ń tètè gbaná, ó sì ń jẹ rọ́bà, nítorí náà má jẹ́ kí ó kán sí rọ́bà tí o ò fẹ́ pààrọ̀. Èyí tó wù kí o lò, má jẹ́ kí ó dé ojú díìsì bíréèkì. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan nínú epo tó dára jù àti àkókò tó pọ̀ jù, àkókò ni màá yàn.

5. Ojú nọ́ọ̀tì ni kí o wò, má wo ara rẹ. Bí o bá dojú kọ nọ́ọ̀tì, ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà lọ ni dídè, òdì rẹ̀ ni títú. Ó rọrùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, tí nọ́ọ̀tì kọjú sókè, tí o sì na ọwọ́ yípo irin kan kí o tó dé ibẹ̀, ọpọlọ á yí dà. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì tí wọ́n ní ó kọ̀, wọ́n ń dè é ni. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan sì wà tí nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀gbẹ́ òsì wọn ń tú sí òdì, bẹ́ẹ̀ náà ni ìhà kan lára táì-ròdù àwọn mọ́tò mìíràn. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá yọ síta, wo bí ó ṣe dagun kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá.

6. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí o lò, má lo onígun méjìlá. Onígun mẹ́fà ń di ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì mú, onígun méjìlá ń di igun rẹ̀ nìkan mú, igun ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Nọ́ḿbà tí o máa bá pàdé jù lábẹ́ mọ́tò Japan ni 14, 17 àti 19. Sípánà pẹlẹbẹ, fi sílẹ̀ fún nọ́ọ̀tì tó ti tú tán.

Àwa tí a fi Volkswagen ìjàpá mọ iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1975, a mọ nọ́ọ̀tì 36 tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Páìpù gígùn nìkan ló ń gbọ́. Ìdí ni pé bí o bá sọ gígùn sípánà di ìlọ́po méjì, agbára tó dé ìdí nọ́ọ̀tì náà á di ìlọ́po méjì. Fi páìpù kún sípánà, fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ, má tì í. Bí o bá tì í tó yọ̀, ìka ọwọ́ rẹ ló máa lọ bá irin. Má sì fò lé e lórí.

7. Bó bá kọ̀ láti tú, dè é díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Ìpẹtà tó so wọ́n pọ̀ á já, ìgbà náà ni kí o wá tú u. Bó bá lọ ìdá kan tó tún le, dá a padà, fi epo sí i, tún tú u. Lọ-bọ̀, lọ-bọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kò sí ìgbà tí mo rí bóòtù tó dípẹtà tí n kò rántí pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Nǹkan kan wà tí ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ kọ́ láti mọ̀. Nọ́ọ̀tì tó ń tú máa ń dún, ó ń han, ó ń jà. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i tó ń yí wẹ́rẹ́, tó ń rọ̀ lọ́wọ́ láìdún, dúró. Bóòtù fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ yẹn, kò sì ní pẹ́ já.

8. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti ẹnu táì-ròdù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpẹtà nìkan. Ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó fẹ̀ lókè, ó sì há mọ́ inú ihò tó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí o bá tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ tán, kò ní jáde síbẹ̀. Kọ́kọ́ yọ píìnì tó dábùú nọ́ọ̀tì. Tú nọ́ọ̀tì náà títí ojú rẹ̀ á fi bá orí tírẹ́ẹ̀dì dọ́gba, kí o fi sílẹ̀ síbẹ̀. Òun ni kò ní jẹ́ kí ohun gbogbo já lù ọ́, òun náà ni yóò sì dáàbò bo tírẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà, fi òòlù tó wúwo lu ẹ̀gbẹ́ irin tó di ihò náà mú, níbi tó nípọn. Má lu orí bóòtù. Irin ẹ̀gbẹ́ yẹn á fẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì á sì já bọ́. Fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń là á máa ń ya rọ́bà rẹ̀, nítorí náà fọ́ọ̀kì wà fún èyí tí o fẹ́ jù nù nìkan.

Línkéèjì sitabiláísà ló yàtọ̀. Bí o bá ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á máa bá a yí. Àárín orí bóòtù yẹn sábà máa ń ní ihò onígun mẹ́fà tí o lè fi kọ́kọ́rọ́ dì mú. Bí ihò náà bá ti jẹ, má fi ọjọ́ rẹ ṣòfò. Tuntun ni o fẹ́ fi sí i, kò sì wọ́n tó ìyókù. Gé e. Níbí nìkan ni mo ti gbà kí ayùn ṣáájú.

9. Bóòtù lówà áàmù ló ń sọ ọ̀dọ́mọkùnrin di àgbà. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ á tú, inú rẹ á dùn, bóòtù á wá kọ̀ láti jáde. Àárín búùṣì rọ́bà ni páìpù irin kékeré kan wà tí bóòtù gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn méjèèjì ló ti dípẹtà pọ̀. Bí o bá ń yí orí bóòtù, rọ́bà ló ń lọ́ tó ń lọ́ padà. Irin kò kúrò lójú kan. Fi epo sí i láti ìhà méjèèjì. Dá nọ́ọ̀tì padà sórí tírẹ́ẹ̀dì kí ojú wọn dọ́gba, kí o tó fi òòlù lù ú, torí tírẹ́ẹ̀dì tí òòlù bá tẹ̀ lórí kò ní gba inú ihò kọjá mọ́. Yí i, lù ú, yí i, lù ú.

Ohun méjì kí o tó tú u rárá. Bí o bá rí àmì ìlà wẹ́wẹ́ létí bóòtù náà, ìyẹn ni wọ́n fi ń to ẹsẹ̀ táyà. Fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tó wà kí o lè dá a padà. Ìkejì, àwọn mọ́tò kan ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ṣáàsì, níbi tí ọwọ́ kò dé. Bí ìyẹn bá já tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí nínú ṣáàsì, fi sípánà sílẹ̀. Wẹ́dà ló kù.

10. Iná. Ooru ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì fẹ̀, ó sì ń fọ́ ìpẹtà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Páńẹ́lì bítà tó ń fi kábáàdì ṣe gáàsì lè tú ohun tí apá rẹ kò ká ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n Abúlé Ẹ̀gbá la wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, iná sọ níbi tí páìpù epo ti bẹ́ ní àdúgbò wa yìí, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, páìpù tún gbiná. Kò yẹ kí a máa sọ fún ọmọ àdúgbò yìí ohun tí èéfín bẹntiróòlù lè ṣe.

Nítorí náà, ìdí táńkì epo àti ọ̀nà epo, iná kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì tó ní gáàsì nínú, iná kò gbọ́dọ̀ kàn án, ó lè bẹ́. Páìpù rọ́bà bíréèkì àti wáyà ABS, tú wọn kúrò tàbí kí o fi ibẹ̀ sílẹ̀. Epo tí o ti ń fi sí i láti ọjọ́ méjì, nù ún kúrò. Ìkan tó burú jù tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún yín: àwọn oògùn inú agolo kan tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì ní chlorine nínú. Bí iná wẹ́dà bá kan ibi tí wọ́n fọ́n ọn sí, gáàsì tó lè pa èèyàn ló ń jáde. Ka ara agolo rẹ.

Nọ́ọ̀tì ni kí o fún lóoru, kì í ṣe bóòtù. Bó bá ti gbóná, fi àbẹ́là kàn án. Ìda á yọ́, á sì fà wọnú tírẹ́ẹ̀dì ju bí epo ti ń wọ̀ ọ́ lọ. Àwọn àgbà iṣẹ́ ló fi hàn wá, owó rẹ̀ kò ju ti àbẹ́là kan lọ. Bóòtù tí iná bá sì ti sọ di pupa, má lò ó mọ́. Agbára tí wọ́n fi ooru sè sínú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ti lọ.

11. Má fi ojú lásán ra bóòtù. Wo orí rẹ̀: wọ́n sábà máa ń kọ 8.8 tàbí 10.9 síbẹ̀. Nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ń sọ bí irin náà ṣe lágbára tó kí ó tó já. Èkejì ń sọ ìdá mélòó nínú mẹ́wàá agbára yẹn ló lè gbé kí ó tó lọ́ láìní padà bọ̀ sípò. Irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí o fi rọ́pò rẹ̀. Mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà Ládípọ̀ tàbí ti Owódé Onírin, kí o fi tírẹ́ẹ̀dì wé tírẹ́ẹ̀dì, torí bóòtù 12 méjì lè jọra kí tírẹ́ẹ̀dì ọ̀kan nípọn ju ti èkejì lọ. Èyí tí kò ní nọ́ḿbà lórí, fi so géètì. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà líle lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó.

12. Nọ́ọ̀tì kan wà tí mi ò fẹ́ kí o tú rárá. Òun ló wà láàárín gbùngbùn orí ṣọ́ọ̀kì, tó di sípíríǹgì mú. Bí o bá yọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ ìdì ti mú sípíríǹgì náà pọ̀, ohun tó máa jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn. Ẹ̀rọ wáyà tí ẹ fi ọwọ́ ṣe kò ka. Tú nọ́ọ̀tì kéékèèké tó yí i ká, gbé ṣọ́ọ̀kì náà jáde lódindi, kí o gbé e lọ fún ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀.

13. Bí o bá ń dè é padà, má de búùṣì rọ́bà pátápátá nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣì ń rọ̀ lófuurufú. Rọ́bà náà á di èyí tí wọ́n dè ní ìdúró tí kì í ṣe tirẹ̀; bí mọ́tò bá sọ̀kalẹ̀, á lọ́, á sì máa wà ní lílọ́ títí ó fi máa ya. Ohun tó ń mú kí búùṣì tuntun tí wọ́n fi owó gidi rà bẹ̀rẹ̀ sí í ké láàárín oṣù díẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n á sì máa bú ẹni tó tà á. Fi jáàkì gbé lówà áàmù títí ẹrù mọ́tò á fi wà lórí rẹ̀, kí o tó dè é parí. Fi gíríìsì pa ara bóòtù níbi tó ti gba inú páìpù búùṣì kọjá. Ẹni tó máa tú u lọ́jọ́ mìíràn lè jẹ́ ìwọ. Má fi gíríìsì pa tírẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀tì táyà. Ti Corolla àti Camry, 103 Nm ni wọ́n ń dè é dé, ìyẹn tó ẹrù kílò 21 tí a bá so rọ̀ sí ìdí sípánà tó gùn ní ìdajì mítà. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ fò lé e ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

14. Bó bá dójú ẹ̀, lọ bá ọ̀gá mẹkáníìkì. Kí i dáadáa, ẹ kú iṣẹ́ ọ̀gá, kí o sì sọ gbogbo ohun tí o ti ṣe fún un: epo tí o fi sí i, ibi tí o ti lù, bóòtù tó já. Inú wọn kì í dùn sí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti bà jẹ́, inú wọn á sì burú sí i bí wọ́n bá fúnra wọn ṣàwárí rẹ̀. Má fi fídíò bá a jiyàn.

15. Gbé mọ́tò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe aláìmẹ́ńtì lọ́jọ́ kan náà. Kí o tó kúrò nílé, fi ọ̀dà fa ìlà kan láti ara nọ́ọ̀tì kọjá sára irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo èyí tí o tú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nínú ihò ọ̀nà Sángò, tún wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìlà tó bá ti pínyà, nọ́ọ̀tì yẹn ti yí. Má wulẹ̀ tún un dè. Yọ ọ́, ra tuntun.